Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Láfún Wa Kúrò Létí Títì: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Nílé Lóko

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tó wà nílé, ẹ̀yin tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn, ẹ̀yin tí ajé gbé dé òkè òkun, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi akọ̀wé yín ni mo kọ ìwé yìí. Ìgbìmọ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní wọn ò rán mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi débi tí mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọdẹ́dá wálé lọ́jọ́ Sátidé yóò ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Etí títì ni a ń sá láfún wa sí. Àwọn ìyá wa á tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀dà, wọ́n á da ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ sómi fún ọjọ́ mẹ́rin lé e lórí, á funfun báláú lójú oòrùn. Ọkọ̀ akẹ́rù á kọjá, eruku á dìde, á rọra balẹ̀ sórí rẹ̀. Àwọn tí kò sún mọ́ títì ń lo orí àpáta, torí àpáta kò wọ́n wa l'Ábẹ́òkúta, ṣùgbọ́n orí àpáta yẹn náà ni ewúrẹ́ ń sùn.

Nígbà òjò tó kọjá, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni, òjò sì ṣú lójijì. Ìyá tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo apá kan, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ìyókù sínú báàfù. Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sọnù, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀, a jọ ń kó o. A ò tíì kó ìdajì tí òjò fi dé. Nígbà tí mo padà lọ kí i lọ́jọ́ kẹta, ó na ọ̀kan sí mi. Ó ti bu, ó ti pọ́nńjó lápá kan, ó dúdú lápá kejì. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn." Kò sunkún, kò bínú. Ó kàn ń ṣa èyí tó ṣì ṣeé tà sọ́tọ̀.

Torí irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pè yín. A fẹ́ kọ́ ibùdó ìṣe-ẹ̀gẹ́ kan sílùú wa, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á máa lò, a sì fẹ́ kí òrùlé ti wà lórí rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi kún un. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra ẹ̀gẹ́ tútù bá àwa mélòó kan sọ̀rọ̀, wọ́n ní ká hú u, ọkọ̀ àwọn á wá kó o. A san owó fún àwọn tó bá wa hú u. Ọkọ̀ kò dé lọ́jọ́ Ajé, kò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ kẹrin ló tó yọ. Awakọ̀ fi àdá la ọ̀kan sí méjì, ó gbé e síwájú mi: ìlà dúdú tínínrín-tínínrín ti gba inú rẹ̀ kọjá bí òwú. Ó ní òun kò lè gbé e. Ohun tó sọ kò ṣeé jiyàn. Iṣu á wà nínú abà fún oṣù mélòó kan, àgbàdo á gbẹ lórí àjà, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kò mọ sùúrù. Bí a bá ti hú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Inú ilẹ̀ nìkan ló ti lè dúró de oníbàárà. Bí a bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń rin ín nítòsí lọ́sẹ̀ yẹn, à bá ti rin ín lọ́jọ́ kejì, à bá ti fún un, à bá ti yan án, gàrí ni à bá kó lọ sí ọjà Kútọ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní, a sì dà á nù sẹ́yìn oko. Mi ò tíì gbàgbé òórùn rẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tútù fún àwọn alárobọ̀ náà, ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, gàrí tó ń jáde kò ju nǹkan bí àpò kan lọ. Ìyókù, èèpo ni àti omi. Tí a bá wá gbé ẹ̀gẹ́ tútù láti oko dé Èkó, omi àti èèpo ni a ń san owó ọkọ̀ lé lórí jù. Ta ló wá ń jẹ èrè ibẹ̀? Ẹni tó ní ẹ̀rọ ni.

Ibi tí nǹkan dé rèé. Ilẹ̀ ti wà. Ìdílé kan nílùú yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹgbẹ́, baálẹ̀ àti àwọn àgbà jẹ́rìí sí i, ìwé rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ alága. Àwọn ọ̀dọ́ ti ṣán an, wọ́n ti hú kùkùté tó wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni pèpéle símẹ́ńtì tó ga tó ìbàdí, tí a ó máa sá láfún lé, tí òrùlé oníláílọ́ọ̀nù tí oòrùn ń gbà kọjá á bò ó, kí oòrùn lè ráyè wọlé kí òjò má sì ráyè. Ewúrẹ́ kò ní í dé orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́, jáàkì tí a fi ń fún omi rẹ̀, àti ààrò tó ní ihò èéfín, torí ojú àwọn tó ń yan gàrí nílé wa kì í gbẹ, èéfín ń pa wọ́n lára. Kànga ẹ̀rọ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó lè fi omi odò ṣe oúnjẹ fún ọjà tó mọ́.

Nǹkan kan tún wà tí mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má yọ kúrò: kòtò tí omi ẹ̀gẹ́ á máa ṣàn sí. Omi yẹn ní oró. Gbogbo wa ló mọ bí koríko ṣe ń kú níbi tí a bá ń da á sí, àti bí ẹran tó bá mu ún ṣe ń rí. A kò lè kọ́ ibùdó fún ìlú ká fi ba odò ìlú jẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ẹ wo àwọn ará Ọ̀fàdà, ní Ọbáfẹ́mi-Owódé níbí. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ ìrẹsì nílé gbogbo. Síbẹ̀, kí ni àwọn tó ń rà á ń ráhùn sí fún ọdún gbọọrọ? Òkúta. Eyín wọn kò fẹ́ òkúta, bó ti wù kí adùn ìrẹsì náà tó. Níbi tí wọ́n ti rí ẹ̀rọ tó ń yọ òkúta lò, iye tí wọ́n ń tà á yàtọ̀. Òkúta tiwa ni iyanrìn etí títì. Láfún Ẹ̀gbá kò nílò ẹni tó máa polówó rẹ̀, ó nílò ibi tó mọ́ tí a ó ti sá a. Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó mọ iye tí ẹ ń ra láfún tí wọ́n dì sínú ọ̀rá mímọ́. Kì í ṣe ìlú wa ló ti ń wá.

Ìròyìn tó kù, mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbẹ̀ inú wa fara balẹ̀ ka èyí. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní FUNAAB, ti wà nítòsí wa láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1988, ọ̀nà Alábàtà ló wà, ọ̀pọ̀ wa sì ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá láìyà. Wọ́n ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ìmọ̀ kúrò nínú ìwé wá sóko àgbẹ̀, AMREC ni wọ́n ń pè é. FUNAAB yìí náà wà lára àwọn tó ṣe CAVA, iṣẹ́ àkànṣe kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti wá ọjà fún ẹ̀gẹ́ àgbẹ̀ kékeré ní orílẹ̀-èdè mélòó kan nílẹ̀ Áfíríkà. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń lé kiri yàtọ̀ sí láfún: wọn kì í rẹ ẹ́, wọn kì í jẹ́ kó kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tí wọ́n hú u, wọ́n ti bẹ ẹ́, wọ́n ti rin ín, wọ́n ti fún un, wọ́n ti mú un gbẹ. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti bisikíìtì ń lò ó pọ̀ mọ́ fúláwà. Mi ò ní tàn yín pé lọ́dún yìí la máa bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ó gba ẹ̀rọ ìgbẹ tó lágbára ju ti wa lọ. Ṣùgbọ́n láfún àti gàrí ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹgbẹ́ fẹ́ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n wá kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe méjèèjì tí kò fi ní í bu, tí iyanrìn kò sì ní í wọ̀ ọ́, a sì ń wá ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ ẹnìkan níbẹ̀ tó lè bá wa tẹ̀lé ìwé náà.

Lórí igi ẹ̀gẹ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun gígé igi lára ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ń ká jọ, tó ní àbàwọ́n yẹ́lò. Àrùn ni. Eṣinṣin funfun wẹ́wẹ́ ń gbé e láti orí ọ̀kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa là ń gbé e jù, nígbà tí a bá ń fún ara wa ní igi. Àwọn irú tuntun wà tí àrùn yìí kì í tètè ṣe, bíi TME 419 tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti mọ̀. Tí a bá gbin ín ní mítà kan sí mítà kan, hẹ́kítà kan á gba ìdí 10,000. Ẹnì kan kò lè dá igi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rà láìsí ìnira, ṣùgbọ́n tí àwa ogún bá pa owó pọ̀, a ó rà á lójú kan, a ó sì gbin díẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹgbẹ́, kó lè jẹ́ pé lọ́dún tó ń bọ̀ ọ̀dọ̀ ara wa la ó ti máa gé e. Ẹni tó bá fẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. A tún ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti forúkọ ẹ̀ka àgbẹ̀ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Láìní ìwé yẹn, báǹkì kò ní í dá wa lóhùn.

Ọ̀rọ̀ owó wá dé. Mo mọ ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ yín. Nígbà kan rí, a dá owó fún iṣẹ́ kan nílùú yìí, ìṣirò rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wa títí di òní. Ó dun ìyá mi títí tó fi kú, torí owó ìṣákọ́lẹ̀ ló fi san tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè ìṣirò lọ́wọ́ wa kò ṣe àrífín. Abẹ́òkúta wa níbí ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọlọ́jà ti dìde ní 1947, wọ́n ní àwọn ń san owó orí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ tẹnu àwọn lórí bí wọ́n ṣe ń ná an. Nígbà tó fi máa di 1949, Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ti fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ọmọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni wá.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé kí owó tó jáde ní báǹkì: akápò, ìyá kan láti inú àwọn tó ń ṣe láfún, àti aṣojú ẹ̀ka Èkó. Rìsíìtì gbogbo nǹkan tí a bá rà, títí kan ìṣó, ni a ó lẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú ní ìparí oṣù, a ó sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókèèrè. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ padà tí iṣẹ́ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà á gbà á.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé, ₦10,000, ẹ sì lè san án ní ₦2,000 lóṣù fún oṣù márùn-ún. Ẹni tó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti ìlú ńlá mìíràn, ₦50,000. Ẹni tó wà lókè òkun, ₦150,000. Kò sí ẹni tí a ó lé tí tirẹ̀ kò bá pé. Àwọn ìyá tó ń ṣe láfún kò ní í san kọ́bọ̀, wọ́n ti ní àwọn á máa pọn omi fún àwọn bíríkìlà. Bíríkìlà, káfíńtà, wẹ́dà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ìlú, a ó ka iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún tí ẹ bá ṣe sí owó. Ẹni tó bá fẹ́ ra símẹ́ńtì dípò owó, a ó gbà á, ṣùgbọ́n kó gbé e wá fúnra rẹ̀ kó sì gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ akápò. Akápò ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, èmi náà wà nínú ẹni tí ẹ kò gbọdọ̀ san án fún.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, a ó pàdé ní gbọ̀ngàn ìlú. Ìpàdé kò ní í pẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ó ti gbéra lọ sórí ilẹ̀ náà láti gún èèkàn ìpìlẹ̀, ẹni tó bá ní okùn ìwọ̀n kó mú un dání. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti ní kí n sọ fún yín pé òun á ro láfún, òun á sì se ewédú fún gbogbo ẹni tó bá wá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, lórúkọ ìgbìmọ̀.