Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Àwọn Tó Fẹ́ Fi Ọkọ̀ Kékeré Sá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Mo ti kọ ìwàásù mìíràn sílẹ̀ fún òní, ṣùgbọ́n Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 kò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ yìí. Ìwàásù ọ̀hún yóò di ọjọ́ mìíràn. Ìrìn-àjò tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa fi kẹ̀kẹ́ rìn lọ sí Abẹ́òkúta, tí ẹ fi ẹnì kan tí táyà rẹ̀ jò sílẹ̀ lọ́nà, ló fà á.

Èèyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi náà. Ìjì ń gbé wọn kiri lójú agbami, wọn ò rí oòrùn, wọn ò rí ìràwọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò sì fi nǹkan gidi kan ẹnu. Níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti dìde tó ní kí wọ́n tújú ká. Ẹni tó bá sáré kà á lè rò pé ìtùnú ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ 21. Ìbáwí ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: ẹ̀ bá ti gbọ́ tèmi, kí a má kúrò ní Kírétè. Ẹ tún wo ẹsẹ 22: kò purọ́ fún wọn. Ọkọ̀ á fọ́, ó ní, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kan ò ní ṣòfò.

Ẹsẹ 30 gan-an ló gbà mí lóorun. Lóru, àwọn atukọ̀ rọra sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ sínú òkun, wọ́n ṣe bí ẹni fẹ́ lọ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níwájú. Irọ́ ni, wọ́n fẹ́ sá ni. Wọn kì í sì í ṣe òpè o! Àwọn tó mọ omi jù lọ nínú ọkọ̀ ni wọ́n. Pọ́ọ̀lù wá sọ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí ò bá dúró, ẹ̀yin ò lè là. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ kékeré, tó ń rẹ́rìn-ín lọ, tó fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún ìjì, mi ò mọ ohun tí a ó pe ẹ̀rín rẹ̀.

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere jáde ní Èbúté-Mẹ́tta ní ìdájí, tó gba Òṣòdì, Agége, Sàngó, Ìfọ̀, Pápáláńtò, Ìtòrí, títí dé Abẹ́òkúta, mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe eré. Ṣéènì á já. Òjò á rọ̀. Afẹ́fẹ́ tírélà á fẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Táyà á jò, á tún jò. Bí kò bá sí ìdíwọ́ kankan, a jẹ́ pé ẹ ò tíì kúrò nílé.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ túùbù? Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n á rì í bọ inú abọ́ omi títí omi á fi máa hó níbi tó ti ń jò. Wọ́n á fi sáńpépà ha ibẹ̀, wọ́n á fi sólúṣọ̀n pa á, wọ́n á dúró kí ó gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, torí èyí tí a bá lẹ̀ ní tútù kì í pẹ́ ṣí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ìka tọ́ inú táyà yípo, bóyá wáyà tó gún un ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ogún ìṣẹ́jú!

Mo rí fọ́tò tí ẹ yà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké. Eyín gbogbo yín funfun. Ta ni kò sí nínú fọ́tò náà? Èmi ò ní dárúkọ. Ọ̀rọ̀ tó sì wà láàárín yín láti ìgbà ìkórè èṣí, òun ni wáyà inú táyà. Títí ẹ ó fi yọ ọ́, lílẹ̀ kan ò ní dúró.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ ń pín fọ́nrán ohùn kiri lórí WhatsApp, ẹ̀ ń bèèrè pé ta ló rán wọn níṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Àjàlá tí ẹ fi ń pe gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé, kẹ̀kẹ́ ológeere ló gùn láti Chicago lọ sí Los Angeles ní 1952, pẹ̀lú aṣọ ilẹ̀ wa lọ́rùn. Ìyẹn dùn mọ́ yín. Àjàyí Crowther àti Townsend, àwọn míṣọ́nárì, dé Badagry ní oṣù kìíní 1845, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó yẹ kó gbà wọ́n, kú, ogun dí ọ̀nà, wọ́n sì há síbẹ̀ fún bí ọdún kan àti ààbọ̀. Wọ́n kọ́lé, wọ́n wàásù, wọn ò yé ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ 1846 ni Crowther fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ irú èyí.

Lówùúrọ̀, Pọ́ọ̀lù mú búrẹ́dì, ó dúpẹ́ lójú gbogbo wọn, ó jẹ ẹ́. Ìgbà náà ni ara àwọn yòókù tó yá. Nígbà tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mẹ́lítà nínú òjò àti òtútù, òun náà ló ń ṣa igi jọ fún iná.

Ìwọ ọmọ mi tó wọlé lóru pẹ̀lú ọ̀rá ṣéènì lọ́wọ́, tó sì wá lu aago ìjọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi bí o ti máa ń lù ú, o ṣeun. Ìyá rẹ kọ́ ọ. Ẹ̀yin yòókù, ọmọ mi náà ni yín. Màmá yóò se ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, búrẹ́dì Agége á wà níbẹ̀. Gbogbo yín ni mo ń retí, ẹ má jẹ́ kí n máa wá ẹnì kan.

Ìkéde, kí àyè tó tán: Ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí pọ́ǹpù ìjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó dá a padà fún akọ̀wé. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán. Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá ti kúrò ní Ọjọ́bọ̀, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ mú owó aṣọ dání.