Bàbá Ìbejì, ìlera ti wọ ilé iṣẹ́ wa

Ìlọrin,
Ọjọ́ Àìkú.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Asàlámù alékù. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí mo bá fi ohùn fèsì, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì nìkan ni wàá gbọ́, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Ṣé òtútù Jámánì ti rọjú díẹ̀? Níbí, oòrùn ti dógò tì wá.

O ní wọ́n kọ́ yàrá ìdárayá fún yín níbi iṣẹ́, o wá ń bi mí ṣé tiwa náà ti lajú. Ó ti lajú o! Lọ́dún tó kọjá ni àwọn ọ̀gá ní àwọn fẹ́ kí ara òṣìṣẹ́ le. Wọ́n kọ́kọ́ rán ẹ̀wù aláwọ̀ ewé fún gbogbo wa, wọ́n kọ “Ìlera loògùn ọrọ̀” sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní láàárọ̀ Sátidé a ó fẹsẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀ Òkè Sobi. Ìrìn náà dùn mọ́ ẹni tó sùn. Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, aago mẹ́fà ni wọ́n jáde, nígbà tó fi máa di aago méje wọ́n ti tò wọ́n sórí ìlà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ igi kan pé òun fẹ́ so okùn bàtà. Nígbà tí a fi máa padà bọ̀, ibẹ̀ náà ló wà, okùn lọ́wọ́, ó ń hanrun. A rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, èmi gan-an tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ òru ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gba nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ọ̀fà. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́ báyìí, wàá jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó bá 168 lé 102. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ní kí n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí n má sọ̀rọ̀ (o mọ̀ mí, ìyẹn ló le jù), ó tún un wọ̀n: 164 lé 100. Ó ní bó bá ti ń dé 140 lé 90 lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àti pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri láìmọ̀, nítorí kì í dunni. Mo ti ń lo oògùn. Iyọ̀ oòjọ́ mi kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, ti inú Maggi náà sì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ti kó Maggi pamọ́ bí ẹni kó wúrà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi ló ká mi lára jù. Nọ́ọ̀sì ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tó ń di ọjà sí páálí ń wá bá òun lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: ìtọ̀ ń ta wọ́n. Ó fún wọn lóògùn, ó tún dìde, ó wá dúró sídìí ìlà iṣẹ́ wa, níbi tí wọ́n ti ń di ọjà, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ní aago méjì, ó gbé ìgò omi ọ̀kan nínú wọn, ó nà án sí mi. Ìdérí rẹ̀ kò tíì já.

Ó ní, “Ọ̀gá, ta ni wọ́n ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ tọ̀?”

Èmi ni. Bàbá Ìbejì, èmi ni. Bẹ́ẹ̀ mo máa ń lọ́ra kí n tó gbà, torí tágẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá yáa fi omi sílẹ̀ láìmu.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́. Obìnrin yẹn bá mánéjà wọ̀ ọ́ títí wọ́n fi gbà kí ẹnì kan máa wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan tí yóò máa dípò ẹni tó bá fẹ́ jáde, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tọrọ ààyè. Wọ́n tún yí ètò iṣẹ́ wa padà. Tẹ́lẹ̀, láti òru ni a ti ń bọ́ sí ọ̀sán, kí a tó wá sí àárọ̀. Ní báyìí, àárọ̀ ló ṣáájú, ọ̀sán tẹ̀ lé e, òru kẹ́yìn. Ó ní aago inú ara èèyàn fi díẹ̀ gùn ju wákàtí 24 lọ, ìyẹn ló fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sún oorun síwájú ju kó fà á sẹ́yìn lọ. Ẹni tó bá ti lọ òde àríyá rí mọ̀ ọ́n: pípẹ́ sùn kò ṣòro, kí wọ́n ní kí o sùn ní aago méje alẹ́ ni ìyà. Ọmọkùnrin olókùn bàtà yẹn ti ń dápàárá báyìí. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní ẹ̀fẹ̀ nínú.

Ti etí náà wà níbẹ̀. Ariwo tó bá ti tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ a máa jẹ etí díẹ̀díẹ̀. A ní ohun tí a fi ń dí i, ọrùn ni a sì ń fi í kọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, títí àgbà kan láàárín wa fi sọ pé òun kì í gbọ́ ìpè ìrun Àsùbá mọ́, ìyàwó òun ló ń jí òun.

Ohun tó kù tó ń bí mi nínú ni ti àwọn alágbàṣe. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, síbẹ̀ wọn kò ní káàdì. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ni wọ́n ní. Nọ́ọ̀sì ń yọ́ wọn wò, èmi náà ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Bí o bá ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, má ra bàtà fún mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ni kí o rà, ti apá o, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́, ti apá ló ṣeé gbára lé jù. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn á din wàrà dè ọ́. Bí iyọ̀ rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, n kò ní sọ.

Kí mi ìyàwó rẹ, kí mi Táyé àti Kẹ́hìndé.

Èmi ni,
Bàbá Sìdíkátù