Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Yóò Wà?

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ tí ẹ fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà fún ilé ìwé yín, tí o ní kí n bá ọ wò, ti dé orí fóònù mi. Mo ní kí ọmọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, torí ojú mi ò gba kíka nǹkan lórí fóònù mọ́. Mo kà á tán lánàá. Ìyá rẹ náà gbà á, ó kà á, ó ní òyìnbó inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Má dá a lóhùn, inú rẹ̀ ló ń dùn. Gbogbo ẹni tó bá wá ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ fún pé ọmọ òun tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ní Ọ̀yọ́ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn aláàánú. Owó ò tíì dé o. Mo ní kó rọra.

Ohun tó dára nínú ìwé náà kò kéré. O kọ ọ́ pé awò amúǹkan-tóbi kan ṣoṣo ló wà ní lábù yín, pé ọmọ 60 ló ń tò láti yọjú sí i, àti pé kí aago tó lù, ìdajì wọn ni kì í tíì débẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò rí ìlà náà bí ẹni pé òun náà wà níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí o kọ sí i. Ibi tí mo ti dúró ni ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti bi yín pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó náà bá tán. O kọ pé ìjọba àti àwọn òbí yóò máa bá a lọ. Ìjọba wo? Òbí wo? Ṣé o ti bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ nínú wọn?

Ọmọ kékeré ni ọ́ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí 2008. Àjọ kan kó kọ̀ǹpútà 10 wá sí ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò ní dárúkọ àjọ náà, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwé, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi nínú wọn. Wọ́n wọ fìlà kan náà, wọ́n gbé ṣẹ́kì páálí gbàǹgbà lọ́wọ́, àwọn ọmọ jó, a lùlù, a ya fọ́tò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n lọ. Ọ̀gá wa ti yàrá náà pa, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò. Má tíì dá a lẹ́bi. Wọ́n jí fáànù gbé ní yàrá àwọn olùkọ́ ní oṣù tó ṣáájú, owó oṣù tirẹ̀ ni wọ́n sì yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ìwọ náà ìbá ti ilẹ̀kùn.

Ká tiẹ̀ ní ó ṣí i, iná dà? Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè jẹ tó wáàtì 150. Ọ̀nà mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 1,500. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà ní ọ́fíìsì, bí a bá tan fáànù méjì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣèwé, ńṣe ló ń kérora bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó kó ẹrù wọn wá, àwa náà ò sì sọ, a ń bẹ̀rù pé wọn yóò gbé e lọ sí ilé ìwé mìíràn. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n ní àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀, ni ọ̀gá bá ní kí n wá bá òun ṣí yàrá náà. Eruku ọyẹ́ ọdún méjì dì mọ́ orí ohun gbogbo. Mo tú ẹ̀yìn èyí tó sún mọ́ fèrèsé. Ọmọ eku márùn-ún, pupa, wọn ò tíì lajú, sùn sórí ìtẹ́ tí ìyá wọn fi awọ wáyà tó gé jẹ ṣe. Ọ̀gá wò wọ́n títí. Kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ọmọ kankan ò tíì jókòó lé rí.

Ìdí tí mo fi ń bá ìlà kan ṣoṣo jà nínú fọ́ọ̀mù rẹ nìyẹn.

Àwọn tó mọ owó í fúnni mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Andrew Carnegie, ọmọ ahunṣọ ni, bíi tàwọn ará Ìsẹ́yìn, ará Scotland. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1848, ilé iṣẹ́ òwú ló ti bẹ̀rẹ̀, dọ́là kan àti ogún sẹ́ǹtì lọ́sẹ̀. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ James Anderson ní ìwé bíi 400 nílé, ó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kí wọ́n wá yá a kà. Carnegie wà lára wọn. Nígbà tó lówó tán, ó kọ́ ilé ìkàwé tó lé ní 2,500 káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìlú tó bá fẹ́ ni yóò mú ilẹ̀ wá, wọn yóò sì ṣèlérí pé lọ́dọọdún àwọn yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye owó ilé náà fún ìtọ́jú rẹ̀. Bí ilé bá jẹ dọ́là 10,000, dọ́là 1,000 ni ìlú yóò máa mú sílẹ̀ lọ́dún. Nílé wa níbí náà, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn láti 1967, àjọ aláàánú méjì, Ford Foundation àti Rockefeller Foundation, mú owó wá, ìjọba wa mú ilẹ̀ wá. O rí i pé ọwọ́ méjì ló gbé e.

Nítorí náà, kí ni ilé ìwé yín yóò mú wá? Kó yé ọ pé n kò sọ owó nìkan. Lọ bá àwọn PTA nípàdé, kí o gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé gbogbo táàmù ni wọn yóò máa dá iye kan, ì báà kéré, fún àtúnṣe. Ríwáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé yín, bẹ̀ ẹ́ kó wá kọ́ ọmọ mẹ́rin ní bí wọ́n ṣe ń jó wáyà pọ̀. Kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, kí o kọ ipò wọn, kí ọ̀kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Kọ̀ǹpútà 20 tí o kọ, gé e kù. Àwọn kan ní Cambridge rí i pé àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń dín kù, wọ́n dá àjọ aláàánú kan sílẹ̀, Raspberry Pi Foundation. Ní 2012 wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí kò tóbi ju káàdì báǹkì lọ, dọ́là 35 ni wọ́n ń ta èyí tó wọ́n jù nígbà náà. Iná tó ń jẹ kì í sábà tó wáàtì 10, bí a bá yọ ojú rẹ̀ kúrò. Sólà kékeré gbé mélòó kan nínú rẹ̀ dáadáa. N kò ní kí o rà á dandan o, ìwọ lo mọ ohun tí ẹ ń kọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o ka iná kí o tó ka kọ̀ǹpútà, kí bátìrì sì wà nínú ìṣirò rẹ, torí òun ló ń kọ́kọ́ kú.

Fi èyí náà sí i: àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n máa ń já kíbọ́ọ̀dù gbà, àwọn ọmọbìnrin á wà lẹ́yìn wọn, wọn á máa na ọrùn. Ìwọ náà na ọrùn rí, mo rántí. Bí ẹ̀rọ bá dé, ìwọ ni kí o pín ìjókòó.

Owó náà, má jẹ́ kó wọ àkáǹtì rẹ láéláé, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan. Àkáǹtì ilé ìwé, ẹni méjì ni kó máa buwọ́ lù ú, kí o sì tọ́jú rìsíìtì títí dé ti ìṣó. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ pé kí o san owó díẹ̀ kí wọ́n lè tètè fún yín, olè ni. Pa fóònù náà.

Àgádágodo ilẹ̀kùn yàrá ìjọsí wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a kó kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn dà nù, ọ̀gá jù ú sọ́wọ́ mi pé kí n ṣe é bó ṣe wù mí. Mo so ó mọ́ òwú, mo gbé e kọ́ sára ìgbátí fèrèsé, mítà kan géérégé láti ibi tí mo so ó mọ́ dé àárín rẹ̀, mo sì ní kí àwọn SS2 máa kà á. Ó fì lọ fì bọ̀ nígbà 20, fóònù ní ìṣẹ́jú àáyá 40. A gé òwú náà títí ó fi ku sẹ̀ǹtímítà 25 dé àárín rẹ̀, ìgbà 20 náà di ìṣẹ́jú àáyá 20. Wọ́n pariwo débi pé ọ̀gá sáré wá wò wá. Ọmọbìnrin kan ní bí a bá so méjì ńkọ́, ṣé kò ní yá jù bẹ́ẹ̀ lọ? Mo ní kó lọ wá òmíràn wá.

Mo ti gbé àgádágodo náà fún dírẹ́bà tó ń já ẹrù ní gáréèjì yín, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ fi gààrí àti máńgòrò díẹ̀ sí i. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n, ìwọ̀nyẹn ni kí o kọ́kọ́ jẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.