Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Bíríkìlà Inú Fọ́tò Yẹn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kún o. Ìyàrà ní Ìjùmú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọdún 31 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà, mo sì ti fi 17 nínú rẹ̀ ṣe fọ́máànù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Abuja ni ọ̀rọ̀ mi bá wí, àwọn tó ń kọ́lé sílé láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ibẹ̀.

Wọ́n á fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n á ní kí n ya fọ́tò iṣẹ́ lálẹ́. Ìbéèrè wọn kì í ju méjì lọ: búlọ́ọ̀kù mélòó lẹ tò lónìí, ṣé iṣẹ́ á parí kí Kérésì tó dé? Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ló dé tí ọmọ tó dúró lókè igi tá a fi ń gun ògiri yẹn fi wọ sílípáàsì.

Èmi náà ò bi ara mi. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, à ń rẹ́ ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan. Onílé ti yọ owó pákó kúrò, ó ní èyí tá a fi da dẹ́kìn ṣì wà ńlẹ̀. Lóòótọ́ ó wà ńlẹ̀, àmọ́ òjò ti pa á, ikán sì ti wọ abẹ́ rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan wò, ó dún kẹ́ẹ́kẹ́. Mo ní kí wọ́n kàn án mọ́gi bẹ́ẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan tí kò tíì pé 20 ọdún ló wà lórí rẹ̀ nígbà tó dá, tòun ti páànù sìmẹ́ńtì. Itan rẹ̀ ṣẹ́. Sìmẹ́ńtì tútù náà dà sí i lójú, ẹni tó bá ti fọwọ́ lásán pò ó láti àárọ̀ mọ bó ṣe ń jó awọ ara bí iná. Omi ló yẹ ká bù sí i lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n omi dúrọ́ọ̀mù tá a ti ń fọ ṣọ́bìrì láti òwúrọ̀ nìkan la ní. Píọ̀wọ́tà ìyá tó ń ta ìrẹsì la já sí i lójú, àpò kan gbáko. (Ìyá náà kọ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi títí dòní.)

Onílé ní òun ò gba ọmọ náà síṣẹ́, èmi lòun mọ̀. Èmi ní tèmi sọ fún bàbá ọmọ náà pé ọmọ iṣẹ́ ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́, owó oúnjẹ lásán ni mò ń fún un. Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi tó kọ́ ìmọ̀ òfin ló wá là mí lóye, nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ń bójú tó, ka ọmọ iṣẹ́, lébírà ojúmọ́ àti ẹni tá a fẹnu lásán gbà síṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó fara pa tàbí ẹbí rẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ọ̀gá ló sì yẹ kó ti máa dá owó síbẹ̀ lóṣooṣù, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Èmi ò dá kọ́bọ̀ rí.

Àwọn kan ti ń fi àkẹtẹ̀ ike ránṣẹ́ wálé báyìí, ó sì máa ń dára nínú fọ́tò. Àkẹtẹ̀ ò ní kí pákó jíjẹrà má dá. Owó pákó tuntun ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, owó okùn tá a ó fi so igi mọ́ra, owó igi ìdìmú tó ga dé ìbàdí, bàtà, ìbọ̀wọ́ àti dúrọ́ọ̀mù omi mímọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní fọ nǹkan sí. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ẹsitiméètì báyìí, lábẹ́ sìmẹ́ńtì gan-an. Lóṣù tó kọjá, onílé kan fagi lé ìlà náà, mo bá dá owó rẹ̀ padà. Fọ́máànù mìíràn ti gba iṣẹ́ náà. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pákó àtijọ́ ni wọ́n dúró lé.

Ọmọ náà ti ń rìn, ó ń tiro. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 7 yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà, ní Yorùbá. Mo fẹ́ gé e lẹ̀ mọ́ ibi tí àwọn lébírà ti ń dúró de iṣẹ́ ní Kàbbà láàárọ̀.

Èmi ni tiyín,
Fọ́máànù kan ní Ìyàrà-Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí.