Múfútáù, bá mi wá ògbufọ̀ ní Káírò

Bologna, Ítálì

Múfútáù ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹ̀kọ́ ńkọ́, ooru Káírò ńkọ́? Ara tèmi le, iṣẹ́ ni kò jẹ́ n ráyè.

Iṣẹ́ ọ̀hún náà ni mo fi fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ wa ń ṣe ẹ̀rọ tó ń di ọjà sínú páálí, irú èyí tí wọ́n mọ agbègbè Bologna mọ́. Àwọn oníbàárà wa ní Tùnísíà àti Àlgéríà sábà máa ń fi Faransé kọ̀wé, ìyẹn ò le. Ti Íjíbítì ló le. Lárúbáwá ni ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ wọn, àwọn enjiníà wa sì fẹ́ kà á ní èdè Ítálì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mo mọ̀ pé wàá ní, "Èmi ńkọ́?" Àlùfáà, mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí Lárúbáwá rẹ, ṣùgbọ́n orí "ciao" ni èdè Ítálì tìẹ parí sí! Kéwú nìkan ò sì tó. Èdè ìgboro Káírò làwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń kọ ohun tó bà jẹ́.

Nọ́ńbà pàápàá léwu. Wọ́n á kọ ١٥٠, ìyẹn 150, pé bí wọ́n ṣe máa fún nọ́ọ̀tì le tó nìyẹn. Òdo wọn, àmì tín-ín-tín kan ni. Bí gírísì bá ti bò ó nínú fọ́tò, 15 ló kù. Ẹni tó gbọ́ èdè nìkan á kọ 15 lọ. Ẹni tó ti di sípánà mú rí á fura, á pè wá.

ISO 17100, ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ògbufọ̀, ní kí ẹlòmíràn yẹ iṣẹ́ ògbufọ̀ wò, nítorí náà ẹni méjì ni mo ń wá. Ọmọ Ítálì, màá wá a ní Forlì, níbi tí Yunifásítì Bologna ti ń kọ́ àwọn ògbufọ̀. Èkejì dọwọ́ rẹ. Jọ̀wọ́, yà sí Al-Alsun ní Yunifásítì Ain Shams, ilé ẹ̀kọ́ èdè tí Rifa'a al-Tahtawi dá sílẹ̀ ní 1835. Wọ́n ń kọ́ èdè Ítálì níbẹ̀. Bi wọ́n léèrè ẹni tó jáde níbẹ̀ tó sì ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ojú ewé kan la ó fi dán an wò, a ó sì sanwó rẹ̀.

Bá mi kí àwọn ará ilé.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Káyọ̀dé