Ẹ má ta odídẹrẹ́ fún wa bí ẹni ń ta rédíò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Àkójọ "ẹranko tó gbọ́n jù lọ" tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mi nínú. Odídẹrẹ́ lẹ fi ṣíwájú. Ẹ ní ó mọ̀rọ̀ sọ, ó mọ àwọ̀, ẹni tó bá ń wá ohun ọ̀sìn tó lóye kó yáa lọ rà á. Ó parí síbẹ̀. Ẹ ò fi ìlà kan sọ ohun tí ọgbọ́n yẹn ń jẹ, ẹ ò sì sọ ohun tójú ẹyẹ náà ń rí nígbà tí ọgbọ́n bá wà tí iṣẹ́ ò sí.

Ọpọlọ ń jẹun ju bó ṣe tó lọ. Ti ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 20 agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi, òun nìkan ló ń gbé e mì. Tọmọ ọdún márùn-ún tún le: ohun tó ju ìdá 40 agbára tó ń lò lójúmọ́ ló ń bá ọpọlọ lọ, ara á sì rọra dàgbà títí orí yóò fi yó. Ẹ wo asín ilẹ̀ Yúróòpù. Tí òtútù bá dé tí kòkòrò wọ́n, agbárí rẹ̀ àti ọpọlọ inú rẹ̀ á súnkì, ó di ìgbà ìrúwé kí wọ́n tó tún tóbi. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kí ni asín ń dín tirẹ̀ kù sí?

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alexander Kotrschal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden yan ẹja guppy, ẹja kékeré inú omi tútù, tí ọpọlọ wọn tóbi, wọ́n sì mú wọn bímọ láti ìran dé ìran. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 ni pé àwọn abo ọlọ́pọlọ ńlá tètè ń dá iye nǹkan mọ̀, ṣùgbọ́n ìfun kéré níkùn àwọn ẹja náà, iye ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí sì dín. Nígbà tí wọ́n wá da irú wọn sáàárín ẹja apanijẹ, abo ọlọ́pọlọ ńlá ló yè jù. Akọ ò rí èrè kankan he. Eṣinṣin èso tí Frederic Mery àti Tadeusz Kawecki sìn ní Switzerland kó lè tètè kẹ́kọ̀ọ́ náà san tirẹ̀: bí oúnjẹ bá ti wọ́n, ìdin wọn kì í lè bá ìdin yòókù du ú.

Mi ò sọ pé ọgbọ́n ò lérè. Lórí òkè Sierra Nevada ní Amẹ́ríkà, ẹyẹ chickadee tó bá rántí ibi tó fi hóró pamọ́ sí ló sábà máa ń la yìnyín já. Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ wà ni èrè yẹn wà. Wọ́n ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Òótọ́ ni; inú àgò tí kò ti sí ìwájẹ ni ìyà ti ń jẹ ẹ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Emma Mellor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ oríṣiríṣi ẹyẹ ìdílé odídẹrẹ́ inú àgò wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2021. Irú èyí tí ọpọlọ rẹ̀ tóbi ló ń gé irin àgò jẹ jù, tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú kan. Irú èyí tó máa ń ṣe wàhálà kó tó tú oúnjẹ jẹ nínú igbó ló ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu jù. Bí ó bá fà á pẹ́, ihò ìyẹ́ lè bàjẹ́, ibẹ̀ ò sì ní hù mọ́.

Àwọn aláṣẹ tó ń fọwọ́ síwèé àṣẹ ẹyẹ títà ńkọ́? Wọ́n á wọn gígùn àgò, wọ́n á wo omi, wọ́n á lu òǹtẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè iṣẹ́ tí ẹyẹ ń ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́. Láti 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti dá òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè dúró. Ó dáa, àmọ́ èyí tí wọ́n bí sínú àgò, ọpọlọ kan náà ló wà lórí rẹ̀. Mo tún un sọ: ọgbọ́n lẹ ń tà, ẹ ò ta iṣẹ́ mọ́ ọn.

Ojútùú tó wà kò wọ́n: kí ẹyẹ fúnra rẹ̀ máa wá oúnjẹ rẹ̀. Kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí àìsàn pẹ̀lú lè mú ẹyẹ fa ìyẹ́. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kó tó jẹun, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Odídẹrẹ́ tó dàgbà sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 400 sí 500. Pín oúnjẹ òòjọ́ sí mẹ́rin, ìdá kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pamọ́. Ẹ wé e sínú bébà tí kò ní yíǹkì tàbí píìnì, lójú ẹyẹ, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti ń ya ìyẹn, ẹ dì í pa. Lẹ́yìn náà, ẹ ki í bọ páálí ẹyin tó mọ́, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tó máa ní láti pọ́n lọ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí. Àwọn kan á fi gbogbo oúnjẹ pamọ́ lọ́jọ́ kìíní. Odídẹrẹ́ ń bẹ̀rù ohun tuntun, ebi á máa pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti fi ìdá 10 nínú 100 wálẹ̀, ẹ dá abọ́ padà kíá, kí ẹ pe dókítà. Àwọn mìíràn á fi wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò gbé e kọ́: ẹnu ẹyẹ á ha á, síǹkì á sì di májèlé nínú rẹ̀. Okùn tó ti tú fọ́nrán lè wé ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní kọjá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ fi páálí kan náà sílẹ̀ fún oṣù kan. Tó bá ti mọ ọ̀nà tó ń gbà ṣí i, abọ́ lásán ló di. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta síra. (Ẹ má sì fi hóró sunflower nìkan kún un, ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, kálísíọ́mù rẹ̀ ò tó nǹkan.)

Kì í ṣe odídẹrẹ́ nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn: ẹlẹ́dẹ̀ náà ń fẹ́ koríko gbígbẹ tó máa fi imú tú, kó má baà máa gé ìrù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Níwọ̀n bí ọpọlọ ọmọ sì ti ń jẹun tó bẹ́ẹ̀, kí àwọn tó ń ṣètò ilé-ìwé jẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún jẹun kó tó kàwé.

Odídẹrẹ́ lè gbé ju 40 ọdún lọ nílé ẹni tó rà á. Bí ẹ bá tún máa tẹ àkójọ yẹn, ẹ kọ wákàtí iṣẹ́ òòjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹranko kọ̀ọ̀kan, kí òǹrajà kà á kó tó tọwọ́ bọ àpò.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín