Lẹ́tà sí Kọ́lá: Kóòtù dá a sílẹ̀, líìgì ní kó lọ rọ́kún nílé

Ajílósùn,
Adó-Èkìtì.

Kọ́lá, ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ará ilé ńkọ́? Ṣé òtútù kò máa yọ yín lẹ́nu? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn dénú pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń múra láti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú kíláàbù kan ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Ọmọ Èkìtì níbẹ̀ yẹn! Ìbéèrè tí o bi mí, òun gan-an ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ pariwo níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Ìjìgbò: bí ilé ẹjọ́ kò bá dá èèyàn lẹ́bi, àṣẹ wo ni líìgì ní láti fìyà jẹ ẹ́?

Inú ìwé àdéhùn ni àṣẹ náà wà. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn bá ti tọwọ́ bọ̀wé ló ti gbà pé bí òun bá hu ìwà tó lè ba orúkọ eré náà jẹ́, kọ̀mísọ́nà, ìyẹn ọ̀gá àgbà líìgì, lè fìyà jẹ òun, ì báà jẹ́ pé inú ilé ọtí ló ti hù ú. Ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù sì ti bá àwọn tó ni kíláàbù jókòó, wọ́n ti jọ fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Wo gáréèjì Ìkéré níbí. Ọlọ́pàá lè tú awakọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, kí ẹgbẹ́ awakọ̀ ní kò gbọdọ̀ to ọkọ̀ sórí ìlà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó máa ní ẹgbẹ́ ti rú òfin ìjọba.

Ẹ̀rí tí wọ́n ń wá náà yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn kò gbọdọ̀ ní iyèméjì tó nídìí kó tó dá èèyàn lẹ́bi. Ní ti líìgì, bí ẹ̀rí bá ti tẹ̀ sápá kan díẹ̀, ó ti tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ezekiel Elliott ti Dallas Cowboys nìyẹn. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Columbus, Ohio, kò fẹ̀sùn kàn án, ṣùgbọ́n NFL ṣe ìwádìí tiwọn, wọ́n sì ní kó lọ rọ́kún nílé fún ìdíje mẹ́fà ní 2017. Ó gba kóòtù lọ. Adájọ́ kan á ní kó ṣì máa gbá bọ́ọ̀lù, òmíràn á fagi lé e, títí tó fi jẹ ìyà náà tán. Kóòtù Amẹ́ríkà kì í fẹ́ tún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni bóyá wọ́n tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Nítorí náà, kí ọmọ náà má fọkàn sí i pé lọ́yà á gba òun sílẹ̀ ní kóòtù.

Ìwọ tí o wà ní Houston, ojú rẹ ni ọ̀rọ̀ Deshaun Watson, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Houston Texans nígbà náà, ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tú u fún ọ díẹ̀díẹ̀, torí òun ló fi bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn jù lọ. Ó lé ní ogún obìnrin onímàsáàjì tó pè é lẹ́jọ́ pé ó fi ìṣekúṣe lọ àwọn. Watson ní irọ́ ni. Grand jury méjì ní Texas, ìyẹn àwọn ará ìlú tí kóòtù kó jọ láti pinnu bóyá kí wọ́n fẹ̀sùn kan èèyàn, kò fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án ní Oṣù Kẹta 2022. Tẹ́lẹ̀, Roger Goodell tó jẹ́ kọ̀mísọ́nà ló ń mú èèyàn, òun ló ń dájọ́, òun náà tàbí ẹni tó bá rán ló tún ń gbọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Àdéhùn 2020 ló mú adájọ́ tí líìgì àti ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ yàn wọlé, ẹni àkọ́kọ́ sì ni Sue L. Robinson, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì.

Robinson gbọ́ ẹjọ́, ó ní Watson rú òfin líìgì. Ṣùgbọ́n líìgì ń béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò fún ó kéré tán sáà kan odidi. Obìnrin náà wo àwọn tí líìgì ti fìyà jẹ ṣáájú, ó rí i pé èyí tó le jù nínú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, tí kò bá ti ní lílù nínú, jẹ́ ìdíje mẹ́ta. Ó ní líìgì kò lè ṣàdédé yí òṣùwọ̀n padà láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó wá ní ìdíje mẹ́fà. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹjọ nìyẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta péré ni àdéhùn fún ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, líìgì sì ti pe kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ kẹta oṣù. Ibi tí wọ́n fi ọ̀bẹ pamọ́ sí nìyí: adájọ́ àkọ́kọ́ ti dá dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀mísọ́nà tàbí ẹni tó bá yàn ló ṣì ń gbọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí Robinson bá ti ní Watson kò rú òfin rárá ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ó ti ní ó rú u, gbogbo ẹ̀ sì padà sọ́wọ́ Goodell. Ó yan Peter Harvey, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti jókòó yanjú ẹ̀: ìdíje mọ́kànlá, owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 dọ́là, àti ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀.

Mílíọ̀nù márùn-ún yẹn ní ìdí. Àdéhùn Watson pẹ̀lú Cleveland Browns jẹ́ mílíọ̀nù 230 dọ́là, ṣùgbọ́n wọ́n to owó náà débi pé owó iṣẹ́ rẹ̀ fún sáà 2022 jẹ́ 1,035,000 péré. Owó ìtọwọ́bọ̀wé ló gba ìyókù ọdún yẹn. Bí líìgì bá dá èèyàn dúró, owó iṣẹ́ ni wọ́n ń gé. Sáà náà ní ọ̀sẹ̀ 18, ọ̀sẹ̀ kan wá di 57,500 dọ́là. Ìdíje mẹ́fà jẹ́ 345,000, mọ́kànlá jẹ́ 632,500. Fún ẹni tó ní mílíọ̀nù 230, owó ìpápánu ni. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ wá owó ìtanràn kún un. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò ní rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí líìgì bá dá a dúró, owó tí wọ́n ti ṣèlérí pé kò ní yẹ̀ á yẹ̀, àti pé kíláàbù lè gba apá kan owó ìtọwọ́bọ̀wé padà. Gbólóhùn méjì yẹn lè pa á lára ju ìdíje tó pàdánù lọ.

Nǹkan mìíràn wà tí wọn kì í pè ní ìyà. Kọ̀mísọ́nà lè fi orúkọ èèyàn sínú ìwé àwọn tí wọ́n yọ sápá kan nígbà tí ìwádìí ń lọ. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá wọn ṣe ìdánrawò, kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Adrian Peterson ti Minnesota Vikings lo oṣù bíi mélòó kan níbẹ̀ ní 2014. Fún agbábọ́ọ̀lù tí ọjọ́ orí ń lé, mi ò mọ̀ bóyá ìyà tó ju ìyẹn lọ wà.

Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ jù ni kí líìgì máa tẹ̀ lé ariwo ọjà. Ní Oṣù Kejì 2014, Ray Rice ti Baltimore Ravens lu àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dákú nínú ẹ̀rọ agbéniròkè ní ilé tẹ́tẹ́ kan ní Atlantic City. Fídíò tó kọ́kọ́ jáde fi hàn bó ṣe ń wọ́ obìnrin náà síta. Goodell ní ìdíje méjì. Àwọn èèyàn bínú, líìgì wá kéde ní Oṣù Kẹjọ pé mẹ́fà ni yóò máa jẹ́ láti ìgbà yẹn lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ Oṣù Kẹsàn-án, fídíò inú ẹ̀rọ gan-an jáde. Ravens lé e lọ́jọ́ náà, líìgì sì ní kó lọ rọ́kún títí ẹnu kò fi lè sọ ìgbà tó máa padà. Wọ́n ní ó fi òtítọ́ pamọ́ fáwọn nígbà àkọ́kọ́. Barbara Jones, adájọ́ tẹ́lẹ̀ tó gbọ́ kòtẹ́milọ́rùn Rice, gbọ́ tẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Rice rojọ́ fún Goodell, ó rí i pé Rice kò parọ́, ó sì fagi lé ìyà kejì, torí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Rice borí, ṣùgbọ́n kò gbá ìdíje NFL kankan mọ́. Adájọ́ lè dá ẹ̀tọ́ padà fún èèyàn, kò lè fipá mú kíláàbù láti gbà á síṣẹ́.

Àwọn oníbésíbọ́ọ̀lù ní òfin tiwọn láti 2015 lórí lílu ará ilé ẹni àti ìfipábánilòpọ̀. Kò ní iye tó kéré jù, kò ní èyí tó pọ̀ jù, èyí sì ń jẹ́ kí ìyà yàtọ̀ gidi: Aroldis Chapman gba ìdíje 30 ní 2016, Trevor Bauer gba 324 ní 2022. Ṣùgbọ́n onílàjà tí kì í ṣe ọmọọṣẹ́ kọ̀mísọ́nà ló ń gbọ́ kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀, òun ló sọ ti Bauer di 194. Èmi fara mọ́ ìyẹn ju ti NFL lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ní ti básíkẹ́ẹ̀tì, Ja Morant ti Memphis Grizzlies gbé ìbọn sókè lórí Instagram ní Oṣù Kẹta 2023, wọ́n fún un ní ìdíje mẹ́jọ. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí fídíò mìíràn tún jáde pẹ̀lú ìbọn, ìyẹn di 25. Kò yìnbọn, kò sẹ́ni tó fara pa. Fóònù ló kó o sí wàhálà.

Ní England, ọwọ́ méjì ni ìyà ti ń wá. Kíláàbù lè gé owó ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Owó ọ̀sẹ̀ méjì ni West Ham gé lọ́wọ́ Kurt Zouma ní 2022 nígbà tó ta ológbò rẹ̀ nípàá. FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní England, ní tiwọn á fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí agbábọ́ọ̀lù, á fún un ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fèsì, ìgbìmọ̀ olómìnira á sì jókòó. Bí wọ́n ṣe ṣírò ìyà Ivan Toney, agbábọ́ọ̀lù Brentford nígbà náà, ní 2023 wù mí. Ó gbà pé òun rú òfin tẹ́tẹ́ nígbà 232. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 15, wọ́n yọ mẹ́rin torí pé ó jẹ́wọ́, wọ́n yọ mẹ́ta torí pé dókítà ní tẹ́tẹ́ ti di àrùn sí i lára, ó ku mẹ́jọ, pẹ̀lú 50,000 pọ́ùn. O lè bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n o rí ìṣirò ẹ̀ kedere. Tẹ́tẹ́ yìí gba ìṣọ́ra gan-an o: kò dìgbà tí o bá fọwọ́ ara rẹ ta á. Wọ́n dá Kieran Trippier, agbábọ́ọ̀lù England, dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá torí pé ó tú àṣírí kíláàbù tó ń lọ fún àwọn ọ̀rẹ́ tó ta tẹ́tẹ́ lé e.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ máa ń parí tí kíláàbù bá ti lé èèyàn, kó lọ bi Adrian Mutu. Wọ́n bá kokéènì lára rẹ̀ ní 2004, Chelsea lé e, FIFA sì ní kó san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 17 yúrò fún Chelsea torí pé òun ló fi ìwà ara rẹ̀ fọ́ àdéhùn. Ó pe ẹjọ́ káàkiri, kò já a.

Tiwa náà kò gbẹ́yìn. FIFA lé Samson Siasia kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé ní 2019, wọ́n ní ó gbà láti gba owó kó lè yí èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ padà. Siasia ní àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì tí òun kò lò mọ́ ni wọ́n fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí. Ilé ẹjọ́ eré ìdárayá ní Switzerland dín in kù sí ọdún márùn-ún ní 2021, wọ́n sì fagi lé owó ìtanràn, ṣùgbọ́n ọdún méjì ti lọ níbẹ̀.

Nítorí náà, sọ fún ọmọ náà kó ní àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì kan tí ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, aṣojú rẹ̀ àti líìgì jọ mọ̀, kó sì ní ẹni kejì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún wọn yẹn ni kó kọ́kọ́ pè, kó tó sọ̀rọ̀ sórí ayélujára. Kó má pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù. Tom Brady ti New England Patriots, tí líìgì fẹ̀sùn kàn pé ó mọ̀ sí bí wọ́n ṣe dín afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù kù, ní kí wọ́n ba fóònù rẹ̀ jẹ́ ní 2015, ìyẹn ni Goodell sì gbá mú nígbà tó kọ̀ láti dín ìdíje mẹ́rin tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà kù. Bí àwọn olùwádìí líìgì bá pè é, kó mú lọ́yà dání, kó sì rántí pé irọ́ tó bá pa fún wọn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹjọ́ kóòtù bá ṣì wà nílẹ̀, kí lọ́yà méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ kó tó la ẹnu rẹ̀, torí ohun tó bá wí fún líìgì lè padà bá a níwájú adájọ́.

Bá mi ya àwòrán ojú ìwé tó sọ nípa owó ìtọwọ́bọ̀wé nínú àdéhùn rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó tó fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kà jù. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.